Bí A Ṣe Ń Jẹun Lóru ní Ilé Oúnjẹ Kékeré Àwọn Ará Mẹ́síkò ní Houston

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, yálà nọ́ọ̀sì ni, tàbí olùtọ́jú àgbàlagbà, tàbí awakọ̀, yóò ti ṣàkíyèsí pé nígbà tí òun bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní aago 11 alẹ́ tàbí lẹ́yìn rẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn ilé oúnjẹ tí òun mọ̀ ti ti ilẹ̀kùn. Ibi tí iná ṣì ń jó, tí òórùn ẹran yíyan sì ń ti ibẹ̀ jáde, sábà máa ń jẹ́ taquería, ìyẹn ilé oúnjẹ kékeré tí àwọn ará Mẹ́síkò ti ń ta taco, ẹran tí wọ́n ká sínú tortilla, àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n sábà máa ń fi àgbàdo ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń wakọ̀ kọjá níwájú rẹ̀ nítorí pé a kò gbọ́ èdè Sípéènì, a kò sì mọ ohun tí a ó sọ bí a bá wọlé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún.

Kókó kan ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́: taco kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kò ní pẹ́ tí ó bá ti kúrò lórí iná tí omi ẹran yóò fi rin tortilla, tí ọ̀rá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dì, tí ohun tó wà nínú àwo kò sì ní jẹ́ ohun tí ẹ sanwó lé lórí mọ́. Nítorí náà, láti orí ìpè fóònù títí dé orí owó sísan, ẹ ṣètò ohun gbogbo kí oúnjẹ lè dé ọwọ́ yín ní gbígbóná.

Kí ẹ tó gbéra

Ẹ kọ́kọ́ pe ilé oúnjẹ náà. Aago tí ẹ bá rí lórí Google sábà máa ń jẹ́ aago tí wọn yóò ti ilẹ̀kùn, kì í ṣe aago tí wọn yóò paná ìdáná, àlàfo tó wà láàárín méjèèjì sì lè bà yín nínú jẹ́ bí ẹ bá ti wakọ̀ jìnnà. Ìbéèrè tó yẹ ni *¿Hasta qué hora está abierta la cocina?*, ìyẹn ni pé, títí di aago mélòó ni wọn yóò fi máa dáná. Bí ẹni tó gbé fóònù bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ bá a sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló jẹ́ pé Texas ni wọ́n dàgbà sí. Ẹ tún béèrè bóyá *al pastor*, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń yan lórí irin tó ń yí, ṣì wà, nítorí pé kì í ṣe ẹran tí wọ́n lè tún ṣe ní wàràwàrà bí ó bá ti tán.

Alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì àti Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló dára jù lójú tèmi. Èrò máa ń pọ̀ lóòótọ́, ẹ sì lè dúró díẹ̀ kí ẹ tó ríbi jókòó, ṣùgbọ́n níbi tí èrò bá pọ̀ sí, ẹran kì í pẹ́ lórí iná kó tó tán, tuntun ni wọ́n ń gbé kalẹ̀ nígbà gbogbo. Òpópónà Long Point ní Spring Branch àti Airline Drive ní apá àríwá ìlú ni mo máa ń júwe fún àwọn tí kò tíì débẹ̀ rí, torí pé bí ilé kan bá ti tì, òmíràn kò jìnnà. Ẹ má kàn ka gbogbo ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípéènì mọ́ ti Mẹ́síkò o: ibi tí ẹ bá ti rí *pupusa* lójú pátákó, oúnjẹ El Salvador ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ó dùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ẹ mú owó ọwọ́ dání, nítorí pé àwọn ilé kékeré kan kì í gba káàdì fún owó táṣẹ́rẹ́. Ẹ gbé ọkọ̀ síbi tí iná mọ́lẹ̀ sí, kí ẹ sì má fi báàgì iṣẹ́ sílẹ̀ lórí àga tí ojú lè rí.

Bí ẹ ṣe lè dá ilé tó jẹ́ ti Mẹ́síkò gan-an mọ̀

Bí ó bá jẹ́ taco oníkaraha líle, tó ní ẹran lílọ̀, wàràkàṣì aláwọ̀ ìyeyè àti ewé lẹ́túúsì, oúnjẹ tí àwọn ará Texas tó ṣẹ̀ wá láti Mẹ́síkò dá sílẹ̀ fúnra wọn nìyẹn, Tex-Mex ni wọ́n ń pè é. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni a bá wá lóru. Taco ti taquería máa ń kéré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àtẹ́lẹwọ́, tortilla rẹ̀ jẹ́ ti àgbàdo, ó rọ̀, wọ́n sì sábà máa ń fi méjì lé ara wọn. Àlùbọ́sà tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́ àti ewé cilantro ló máa ń wà lórí ẹran, pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ àwo, ó parí.

Ẹ fi imú yín gbóòórùn tortilla náà. Èyí tí wọ́n ṣe dáadáa ní òórùn kan tí ògì àti ẹ̀kọ kò ní, ìdí rẹ̀ sì ni pé àwọn ará Mẹ́síkò kì í kàn lọ àgbàdo bí a ṣe ń lọ tiwa. Wọ́n máa ń fi omi tí wọ́n po *cal* sí sè é, ìyẹn ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń rí láti ara òkúta tí wọ́n bá fi iná sun, wọn a sì fi í sílẹ̀ sínú omi náà mọ́jú kí wọ́n tó ṣan án kí wọ́n sì lọ̀ ọ́. Èyí máa ń bó èèpo rẹ̀, ó ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun rẹ̀ lè di mọ́ra, ó sì ń tú fítámì niacin inú àgbàdo sílẹ̀ fún ara láti lò. Kò yani lẹ́nu pé wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe tó bẹ́ẹ̀: ilẹ̀ Mẹ́síkò ni àwọn ènìyàn ti kọ́kọ́ sọ àgbàdo di ohun ọ̀gbìn, ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn, kí ó tó tàn káàkiri ayé títí tó fi dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ wọlé, ẹ kí wọn, ẹ jókòó síbi tó yẹ

Ẹ kí àwọn tó wà nílé kí ẹ tó sọ ohunkóhun mìíràn: *buenas noches*. Ẹni tó bá wọlé tí kò kí ènìyàn, ojú aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fi ń wò ó, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe máa ń ṣe. Bí ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń jẹun kọjá, ẹ sọ *provecho*, ìyẹn ni pé kí wọ́n gbádùn oúnjẹ wọn, wọn yóò sì dá yín lóhùn. Obìnrin àgbà ni *señora*, ọkùnrin àgbà ni *señor*, ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ kiri sì ni *joven*. Ẹ má ṣe pòṣé sí i, ẹ má sì patẹ́wọ́ pè é.

Bí àga bá ṣófo nítòsí ibi ìdáná, ibẹ̀ ni kí ẹ jókòó sí. Yàtọ̀ sí pé oúnjẹ yóò tètè dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ó rí ohun tí wọ́n ń ṣe, ohun tí ojú yín bá sì rí lórí iná ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé ju ìwé oúnjẹ lọ.

Ẹran tí ẹ ó béèrè

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara al pastor bí ẹ bá ń jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró níwájú oníṣàwámà ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó yóò dá irin náà mọ̀ lójú ẹsẹ̀, kì í sì í ṣe èèṣì: àwọn ará Lẹ́bánónì tó ṣí lọ sí Mẹ́síkò ló gbé ọgbọ́n ẹran orí irin tó ń yí náà dé ìlú Puebla, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà sì fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ rọ́pò ẹran àgùntàn, wọ́n fi ata gbígbẹ àti èso pupa tó ń jẹ́ *achiote* pa á láwọ̀. *Trompo* ni wọ́n ń pe òkìtì ẹran náà. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó béèrè. Iná gbọ́dọ̀ máa jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí etí ẹran tó kọjú síná ti máa dúdú díẹ̀, kí ọ̀rá sì máa kán sílẹ̀. Ọ̀gá tó ń gé e yóò fi ọ̀bẹ gígùn fá a láti òkè wá sísàlẹ̀, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí ewé, yóò sì fi tortilla tó wà lọ́wọ́ kejì gbà á; lẹ́yìn náà ni yóò na ọ̀bẹ sókè sí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó wà lórí òkìtì náà, tí ègé kan yóò sì fò wá bọ́ sínú taco. Bí iná bá ti kú, tí ẹran náà sì dúró láìyí, tàbí tí wọ́n ń bu ẹran tí wọ́n ti gé sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ láti inú ike, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ béèrè nǹkan mìíràn.

Àwa tí ẹran inú kò ṣàjèjì sí ni taquería yẹ jù. *Lengua* ni ahọ́n màlúù tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀ bí òwú, tí wọ́n sì gé wẹ́wẹ́. *Cachete* ni ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́, *cabeza* ni ẹran orí lápapọ̀. *Tripas* ni ìfun, ẹ sì sọ fún wọn pé *bien doradas*, kí wọ́n lè yan án títí yóò fi máa rún lẹ́nu. Ẹni tó bá mọ ìfun inú ọbẹ̀ nìkan kò tíì mọ ohun tí ìfun lè dà. *Suadero* ni ẹran màlúù tó wà láàárín ikùn àti itan, tí wọ́n fi ọ̀rá sè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. *Asada* ni ẹran màlúù yíyan lásán, òun ni mo máa ń sọ fún ẹni tó ń bẹ̀rù pé kó fi ṣíde. *Birria* sì ni ẹran ewúrẹ́ tàbí ti màlúù tí wọ́n fi ata gbígbẹ sè, ọ̀nà àwọn ará Jalisco ni, wọ́n sì máa ń bu omi rẹ̀ sínú abọ́ kékeré kí ẹ lè máa ti taco bọ inú rẹ̀.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ̀yin ọmọ ìjọ Adventist, àti ẹnikẹ́ni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Al pastor, *carnitas* àti *chorizo* jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ èyí. Ohun tó ń mú àwọn ènìyàn wa ni *cueritos*, èyí tó jọ pọ̀nmọ́ lójú tí ó sì jẹ́ awọ ẹlẹ́dẹ̀, àti *buche*, èyí tí wọ́n lè pè ní ikùn fún yín kí ẹ sì rò pé ṣàkì ni, nígbà tó jẹ́ pé ti ẹlẹ́dẹ̀ náà ni. Ẹ̀wà tí wọ́n rò sábà máa ń ní *manteca*, ìyẹn ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, nínú. Bẹ́ẹ̀ náà ni *tamal*, ìyẹn àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n wé séwé sè, àti tortilla oníyẹ̀fun àlìkámà nígbà mìíràn. Suadero fúnra rẹ̀ lè ti bá sọ́séèjì ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ọ̀rá kan náà. Ẹ sọ fún wọn pé *no como puerco*, kí ẹ sì béèrè *¿lleva manteca?* Kò sí ẹni tí yóò bínú. Àmọ́ irin pẹlẹbẹ kan náà ni wọ́n sábà máa ń yan gbogbo ẹran lé, ẹran màlúù náà kì í sì í sábà jẹ́ èyí tí wọ́n pa ní ìlànà Islam, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́ra pátápátá ni kó mú ẹja, tàbí *rajas*, ìyẹn ata tútù tí wọ́n sun tí wọ́n sì gé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, kó sì béèrè bóyá wọ́n lè lo páànù ọ̀tọ̀.

Ọbẹ̀ náà wà. *Menudo* ni ọbẹ̀ ṣàkì, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹsẹ̀ màlúù, òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń sè é. Bí ẹ bá débẹ̀ ní òru Ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́jú Ọjọ́ Àìkú, ẹ béèrè bóyá ó ti jinná.

Ẹ má béèrè gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà

Ibí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń bà á jẹ́. Ebi ti pa wá, a ó béèrè mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí a bá sì fi dé orí ẹ̀kẹrin, ó ti tutù. Ẹ béèrè méjì: *¿Me da dos de lengua, con todo, por favor?* *Con todo* ni pé kí wọ́n fi àlùbọ́sà àti cilantro sí i. Bí ẹ kò bá fẹ́ àlùbọ́sà, ẹ ní *sin cebolla*. Ẹ jẹ ẹ́ tán, ẹ tún béèrè méjì mìíràn, bóyá ẹran mìíràn. Kò sí ẹni tí yóò wò yín bí ahun, torí pé báyìí gan-an ni wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ní ìlú Mexico City, níbi tí àwọn oníbàárà ti máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, tí wọ́n á sì ka iye tí wọ́n jẹ fún alásè nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lọ. Bí ẹ bá pọ̀ lórí tábìlì, kí olúkúlùkù béèrè tirẹ̀. Ẹ má fi àwo ńlá kan sáàárín tí gbogbo yín yóò máa wò.

Nígbà tí aago ìpaná bá kù díẹ̀, àṣẹ yìí yí padà. Wọn yóò wá sọ fún yín pé ó kù díẹ̀, ìgbà náà ni kí ẹ béèrè ìyókù pa pọ̀.

Ata

Salsa méjì tàbí mẹ́ta yóò wà lórí tábìlì tàbí níbi tí ẹ ó ti bù ú fúnra yín. Mo mọ̀ pé ọmọ Yorùbá kì í gbà pé ata òyìnbó lè ta òun, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni ata ti wá, wọn kì í sì í sábà fi tòmátì àti òróró bò ó mọ́lẹ̀ bí a ṣe ń ṣe. Èyí tó pupa bí ẹ̀jẹ̀ lè jẹ́ *chile de árbol*, ó ń ta lójijì, ó sì ń dúró ní ọ̀fun. Èyí tó ní àwọ̀ ọsàn lè jẹ́ *habanero*, ìbátan ata rodo gan-an, irúgbìn kan náà ni wọ́n. Èyí tó tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ jù ní Houston ni èyí tó jẹ́ àwọ̀ ewé, tó sì ki bí ẹni pé píà ni wọ́n lọ̀ sínú rẹ̀: ó lè má sí píà kankan níbẹ̀, ata jalapeño àti òróró ni wọ́n lọ̀ pọ̀ títí tó fi ki. Ẹ kán díẹ̀ sórí tortilla, ẹ tọ́ ọ wò, kí ẹ tó dà á sórí ẹran.

Ọsàn wẹ́wẹ́ ni kí ẹ fún sí i ṣáájú, salsa lẹ́yìn. Ẹ tún lè béèrè fún *cebollitas*, àlùbọ́sà eléwé tí wọ́n yan, tàbí *chiles toreados*, odidi ata tí wọ́n yí lórí irin títí awọ rẹ̀ fi dúdú.

Bí a ṣe ń jẹ ẹ́

Ẹ gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ẹ fi ìka mẹ́ta di taco mú ní òkè, ẹ tẹ̀ síwájú sórí àwo, kí ẹ sì yí orí yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ dípò kí ẹ yí taco, torí pé bí ẹ bá yí i, ẹran á dà sí àṣọ iṣẹ́ yín. Ohun tó bá já bọ́ sínú àwo, tortilla kejì ni ẹ ó fi kó o.

Ohun mímu

*Jamaica* ni omi ìṣápá pupa, ewéko tí wọ́n fi ń ṣe zobo náà ni, ṣùgbọ́n àwọn kì í sábà fi ata ilẹ̀ sí i, ṣúgà wọn sì lè pọ̀. *Tamarindo* ni ti àjàgbọn. *Horchata* ní Mẹ́síkò jẹ́ ti ìrẹsì àti sínámónì. Ní Sípéènì tí orúkọ náà ti wá, ọ̀fìò ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí wàrà kò bá bá ikùn yín mu, ẹ béèrè *¿lleva leche?* kí ẹ tó mu ún, torí pé àwọn ilé kan máa ń fi wàrà sí i. Bí ẹ bá fẹ́ mínírà, Jarritos wà, tí wọ́n ti ń ṣe ní Mẹ́síkò láti ọdún 1950. Ní ti ọtí, òfin Texas kò gba ilé oúnjẹ kankan láàyè láti ta á kọjá aago 2 òru, àwọn tí kò sì ní ìwé àṣẹ òru gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró ṣáájú ìgbà náà. Ẹni tó ń wakọ̀, ìṣápá ni kó mu.

Owó sísan àti èyí tí ẹ ó gbé lọ sílé

Ní ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí, wọn kì í gbé ìwé owó wá fún yín títí ẹ ó fi béèrè, nítorí pé ó dà bí ẹni pé wọ́n ń lé yín lọ. Ẹ sọ pé *la cuenta, por favor*, tàbí kí ẹ lọ bá ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ owó. Owó orí tí wọn yóò fi kún un ní Houston jẹ́ 8.25 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà ni tíìpù, ẹ sì fi 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ bí ẹnì kan bá gbé oúnjẹ wá bá yín lórí tábìlì. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé, ṣùgbọ́n ní Texas, òfin gbà kí agbanisíṣẹ́ san dọ́là 2.13 péré ní wákàtí kan fún ẹni tó ń gba tíìpù, bí tíìpù náà bá ti lè gbé e dé iye tó kéré jù tí òfin sọ. Ẹ fi í lé e lọ́wọ́ ní owó ọwọ́ bí ẹ bá lè ṣe é.

Bí ẹnì kan bá ń retí yín nílé, ẹ má ra taco tí wọ́n ti dì fún un, nítorí pé inú bébà dídán yẹn ni yóò ti rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wọn ẹran sọ́tọ̀: *una libra de lengua para llevar*, pẹ̀lú tortilla, kí àlùbọ́sà, ewé àti salsa wà nínú ike ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ó bá délé, ẹ gbé páànù gbígbẹ kaná, ẹ má fi òróró sí i, ẹ fi tortilla lé e fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ní ojú kọ̀ọ̀kan títí yóò fi ní àmì dúdú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì gbé ẹran náà sórí iná lọ́tọ̀. Bí ẹni náà bá ti sùn, ẹ gbé ẹran sínú fíríìjì kí wákàtí méjì tó pé lẹ́yìn tó ti kúrò lórí iná. Tortilla lè dúró lórí tábìlì di àárọ̀, bí ẹ bá ti fi aṣọ bò ó.